Àpótí Lẹ́tà Bọ́mà: Àkọsílẹ̀ Àtúnṣe kan ní Ẹ̀pẹ́

Ohun tó wà nínú àpótí

Àpótí onípáànù ni, irú èyí tí àwọn sọ́jà ogun Hitler gbé bọ̀ wálé tí àwọn ìyá wa wá sọ di àpótí aṣọ. Alhájà kan ní Ẹ̀pẹ́ ló ni ín. Ìyá Bọ́mà ni gbogbo àdúgbò ń pè é nítorí bàbá rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ kò rìnrìn àjò kọjá Mẹ́kà rí. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi kò ṣòro lójú wọn: kí n tún àwọn ìwé inú rẹ̀ ṣe, kí n dí gbogbo ihò ara wọn, kí wọ́n lè wọ férémù. Àkọ́bí Alhájà, tí a ń pè ní Ẹnjiníà, ti wọn ògiri pálọ̀ sílẹ̀.

Abẹ́ ìbòjì ni mo tẹ́ gbogbo rẹ̀ sí. Bàbá àgbàlagbà kan tó jókòó nítòsí ní kí n sá wọn sóòrùn, pé oòrùn ló ń pa èéhù. Mo ní, “Bàbá, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ń pa tàdáwà náà.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì jẹ́ kí n ráyè ṣiṣẹ́.

Lẹ́tà tí bàbá Alhájà kọ láti ojú ogun Bọ́mà (Myanmar òde òní) ló pọ̀ jù níbẹ̀. Èyí tó pọ̀ nínú wọn jẹ́ ti pẹ́ńsùlù lórí ìwé onílà. Àwọn mélòó kan wà lórí ìwé búlúù fẹ́lẹ́ tí a ń ká tí òun fúnra rẹ̀ á di àpòòwé, irú èyí tí wọ́n ṣe fún àwọn sọ́jà Gẹ̀ẹ́sì ní Ààrin Gbùngbùn Ìlà Oòrùn ní 1941. Fọ́tò kan wà tó ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Ìwé ìkọ̀wé ọmọléèwé kan wà tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀ ni mo ti bá aṣọ kékeré kan: aláǹtakùn dúdú lórí aṣọ ìyeyè.

Inú mi dùn sí aṣọ yẹn ju férémù ẹnikẹ́ni lọ. Àmì 81st (West Africa) Division ni, ẹgbẹ́ ológun Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kó àwọn sọ́jà rẹ̀ jọ láti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Kò sí lẹ́tà kan nínú àpótí tó sọ ibi tí bàbá ti jagun. Òfin kò gbà bẹ́ẹ̀, adírẹ́sì rẹ̀ kò sì sọ ju nọ́ńbà rẹ̀, ẹgbẹ́ ológun rẹ̀ àti S.E.A.C. lọ, ìyẹn àjọ ológun tí Mountbatten darí ní gúúsù ìlà oòrùn Éṣíà láti 1943. Aláǹtakùn yìí ló tú àṣírí. Ọdún 1943 náà ni wọ́n dá 81st Division sílẹ̀ tí wọ́n sì kó wọn lọ sí Íńdíà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1944, wọ́n wọ àfonífojì odò Kaladan ní Àrákàn, ní Bọ́mà. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi la ọ̀nà jíìpù bíi máìlì 75 gba orí òkè wọ ibẹ̀. Lẹ́yìn náà, oúnjẹ, ọta ìbọn àti oògùn, láti inú ọkọ̀ òfuurufú ni wọ́n ti ń jù ú sí wọn, tí àwọn aláàárù ológun sì ń fi orí rù ú kiri inú igbó. Ẹni tó bá ń ka àwọn lẹ́tà wọ̀nyí kó fi ìyẹn sọ́kàn kó tó bínú pé wọ́n kúrú.

Ilé yìnyín

Kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kòkòrò gbọ́dọ̀ kú. Ikán ti lọ tipẹ́, ṣùgbọ́n kòkòrò ìwé tó ń dán bíi fàdákà ṣì ń sáré lábẹ́ ìtẹ́lẹ̀, ẹyin aáyán sì wà nígun àpótí. N kì í fín oògùn sára ìwé. Òtútù ló dára jù: kí a wé wọn nínú ọ̀rá méjì, kí a fún afẹ́fẹ́ jáde, kí wọ́n wà ní ìwọ̀n -20°C fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán.

Fìríìsà ilé kò lè ṣe é pẹ̀lú iná tiwa yìí. Ilé yìnyín àwọn alẹ́ja ni mo gbé e lọ, torí àwọn ní jẹnẹrétọ̀, wọn kò sì ní gbà kí pańla wọn yọ́. Àǹtí tó ni ibẹ̀ bi mí pé kí ló wà nínú ọ̀rá. Mo ní lẹ́tà ogun ni. Ó ní kí n gbé e jìnnà sí ẹja òun.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, kó rántí pé a kì í ṣí ọ̀rá náà lọ́jọ́ tó bá jáde. Ó gbọ́dọ̀ wà nínú ọ̀rá láìtú títí di ọjọ́ kejì, kí òtútù ara rẹ̀ tán, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìrì yóò sẹ̀ sórí ìwé. Lẹ́yìn náà ni mo fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá èéhù gbígbẹ kúrò, níta, pẹ̀lú ìbòmú, tí mo kọ ẹ̀yìn sí atẹ́gùn. Píìnì tó ti dípẹtà ni mo fi súùrù yọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Pẹ́ńsùlù aláwọ̀ àlùkò

Sọ́jà kì í gbé ìgò tàdáwà kiri nínú igbó. Pẹ́ńsùlù ni, kì í sì í ṣe ti ọmọléèwé. Ó wà irú kan láyé ìgbà yẹn tí wọ́n po aró mọ́ ẹ̀dú inú rẹ̀. Bó bá gbẹ, eérú ló jọ. Bí omi bá kàn án, á di àlùkò, á sì mú ìwé pinpin tí rọ́bà kò fi ní lè pa á rẹ́. Nítorí èyí ni àwọn ọ́fíìsì ìjọba ṣe fẹ́ràn rẹ̀.

Ìṣòro tó dá sílẹ̀ fún ẹni tó ń tún ìwé ṣe pọ̀. Ìwé mìíràn tó ti pọ́n, a lè fọ̀ ọ́ nínú omi. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún èyí yóò bá abọ́ omi àlùkò kan àti ìwé funfun kan. Ọtí tí a fi ń tú lẹ́ẹ̀ náà ń tú aró yẹn. Nítorí náà, lẹ́tà pẹ́ńsùlù kankan kò rí omi lọ́wọ́ mi, kò sì rí lẹ́ẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ bá wà. Àárín ọ̀rá poliẹ́sítà mímọ́ gaara méjì ni mo tẹ́ wọn sí, tí mo sì dí etí rẹ̀. Ọ̀rá gan-an ló dì wọ́n mú.

Ojú àlùkò tótòtó wà lára ọ̀kan nínú wọn. Ẹnjiníà ní omijé bàbá ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òjò Àrákàn ju òjò Ẹ̀pẹ́ lọ fíìfíì, inú rẹ̀ sì ni àwọn ènìyàn yẹn ń sùn. Ohun tí mo kọ sínú àkọsílẹ̀ ni “àbàwọ́n omi”.

Fọ́tò inú gíláàsì kò gba àkókò. Bàbá dúró pẹ̀lú fìlà ológun eletí fẹ̀ǹfẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ni aṣọ tí wọ́n ya ọgbà òdòdó sí. Ojú fọ́tò àtijọ́ ní jẹ̀látìnì. Bí ọ̀rinrin bá ti mú un lẹ̀ mọ́ gíláàsì, ẹni tó bá fà á yóò fa ojú bàbá kúrò. Mo fi í sílẹ̀ mọ́ gíláàsì rẹ̀, mo ya àwòrán rẹ̀ láti òkè.

Àwọn ihò

Ibí ni iṣẹ́ ti yí padà mọ́ wa lọ́wọ́.

Ẹbí ti gbà láti ọjọ́ pípẹ́ pé eku ló jẹ àwọn lẹ́tà náà. Nígbà tí mo gbé wọn sórí gíláàsì tí iná wà lábẹ́ rẹ̀, mo rí i pé ihò ara wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ti ikán rí wúruwùru, etí rẹ̀ ti fẹ́lẹ́, amọ̀ díẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ó sì gba inú ìwé kan bọ́ sínú èkejì. Àwọn kan wà tí wọn kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n gùn tẹ́ẹ́rẹ́, igun wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé, etí wọn tọ́, ìwé tó wà lábẹ́ wọn kò sì ní nǹkan kan lára. Eku kì í fi rúlà jẹun. Abẹ ni.

Lẹ́tà sọ́jà kì í sábà tojú ogun lọ sílé nígbà náà láìjẹ́ pé ẹlòmíràn kà á. Láàárín ẹgbẹ́ ológun gan-an ló ti ń bẹ̀rẹ̀: ọ́físà yóò ka lẹ́tà àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀, yóò buwọ́ lu àpòòwé, wọn yóò sì lu òǹtẹ̀ lé e pé wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò. Orúkọ ìlú, orúkọ odò, ọkọ̀ tí wọ́n wọ̀, iye tí wọ́n jẹ́, ibi tó kàn: èèwọ̀ ni gbogbo rẹ̀. Àwọn ayẹ̀wéwò kan máa ń fi tàdáwà bo ohun tí wọn kò fẹ́, àwọn kan ń fi abẹ gé e dànù.

Ọ̀kan nínú àwọn ihò abẹ yìí wà ní ojú ìwé kìíní, níbi tó jọ pé bàbá ti fẹ́ dárúkọ ibi kan. Ṣùgbọ́n ìwé ní ojú méjì. Ohun tí abẹ gé níwájú ló gé lẹ́yìn, ẹ̀yìn ibẹ̀ gẹ́lẹ́ sì ni bàbá ti ń fi orúkọ ránṣẹ́ sí ọmọ tí ìyàwó rẹ̀ bí lẹ́yìn tó ti lọ. Ọ̀rọ̀ náà ń bọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ títí dé ibi tó ti ní kí wọ́n máa pe ọmọ náà ní, ihò sì ni. Lẹ́yìn ihò, ó ń kí ìyá ọmọ kú ewu.

Ìwé ìkọ̀wé ọmọléèwé yẹn ló jẹ́ ká mọ bí ó ṣe rí nílé. Ti akọ̀wé àdúgbò kan ni, ẹni tó ń bá àwọn tí kò mọ̀wé kọ lẹ́tà. Ó máa ń kọ ọ̀rọ̀ wọn síbẹ̀ ná, kó tó dà á kọ dáadáa sórí ìwé tí yóò lọ. Bí kì í bá ṣe tirẹ̀, ohun tí ilé kọ sí Bọ́mà kò ní kù sílé ayé. Sọ́jà tó ń sùn nínú ẹrẹ̀, níbo ló fẹ́ kó lẹ́tà pamọ́ sí? Ó jọ pé ìyá Alhájà gba ìwé náà lọ́wọ́ akọ̀wé lẹ́yìn ogun. Òun ló burú jù láti wò nínú àpótí. Òun ni n kò ní fi pààrọ̀ ìyókù.

Nínú rẹ̀, ìyá ọmọ ní kí akọ̀wé béèrè orúkọ tí bàbá ọmọ fi ránṣẹ́. Wọ́n ti sọ ọmọ lórúkọ tipẹ́tipẹ́, ọjọ́ kẹjọ kò dúró de ọkọ̀ ojú omi, síbẹ̀ ó fẹ́ mọ̀ ọ́n. Ó tún ní kí ó béèrè ẹni tó ya ìwé ọkọ òun. Òun ti bi àwọn ará pósítọ́fíìsì, wọ́n ní kì í ṣe àwọn.

Èsì wà lórí ọ̀kan nínú àwọn ìwé búlúù. Bàbá kò dáhùn ìbéèrè kejì rárá. Ó gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ẹni tí òun fẹ́ fi sùn ni yóò kọ́kọ́ ka ẹjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ó tún orúkọ kọ, gàdàgbà-gadagba, ó sì fi ẹ̀yìn ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Ó ti mọ ọ̀nà abẹ. Mo gbé ìwé yẹn sókè sí iná, mo yí i padà, mo tún yí i, kí n tó lóye ìdí tí ẹni tó ń fún ìwé jẹ ní gbogbo ibòmíràn fi fi irú àyè bẹ́ẹ̀ ṣòfò.

Alhájà ni ọmọ náà. Orúkọ ọjọ́ kẹjọ ni ayé mọ̀ ọ́n mọ́. Èyí tó ti Bọ́mà wá, bàbá rẹ̀ tó padà dé ní 1946 nìkan ló fi ń pè é títí tí wọ́n fi papò dà. Alhájà ní kí n má kọ ọ́ síta, n kò sì ní kọ ọ́.

Ẹnjiníà ṣì ní kí n dí i. Ó ní lẹ́tà tó ní fèrèsé lágbede méjì kò ní dára lára ògiri, pé mo lè fi ìwé tó bá àwọ̀ rẹ̀ mu dí i kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Mo lè ṣe é lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ihò ikán jẹ́ àìsàn tó kọ lu lẹ́tà nínú àpótí. Ihò abẹ ti wà lára rẹ̀ kó tó dé Ẹ̀pẹ́. Bí ìyá ọmọ ṣe gbà á nìyẹn, òun ló sì bí ìbéèrè tó bí èsì. Bí mo bá dí i, ẹni tó bá ka ìwé ìkọ̀wé akọ̀wé lọ́la yóò máa wá ibi tí wọ́n ti ya lẹ́tà, kò ní rí i.

A ń bá a fà á lọ títí Alhájà fi dá sí i láti orí ẹní ìkírun rẹ̀. Ó ní, “Ẹni tó gé e ló ni ín. Ẹ má bá a dí i.”

Báyìí ni òfin iṣẹ́ náà ṣe di kíkọ: ihò ikán, ihò ìpẹtà píìnì, ibi tí kíká ti ya, a dí i. Ihò abẹ, a fi sílẹ̀. Mo kàn fi ìwé aláwọ̀ eérú sẹ́yìn rẹ̀ nínú ọ̀rá, kí ojú lè tètè rí i pé nǹkan kan kò sí níbẹ̀.

Abẹ kan tún wà tí kì í ṣe ti Òyìnbó. Nínú ìwé ìkọ̀wé, akọ̀wé fa ìlà nu àwọn ọ̀rọ̀ kan. Tí a bá dá iná tọ́ọ̀ṣì gba ẹ̀gbẹ́, ojú pẹ́ẹ̀nì ṣì hàn nínú ìwé. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n fà nu ni ikú bàbá sọ́jà náà. Ohun tí wọ́n kọ dípò rẹ̀ ni pé gbogbo ilé ń kí i. Níbòmíràn, wọ́n fi ọ̀rọ̀ gàrí sílẹ̀ láìfà á nu: ó wọ́n, ìjọba ti fi iye kan lé e, ṣùgbọ́n ní iye náà a kì í rí i rà. Ètò Captain Pullen nìyẹn, òyìnbó tí ìjọba fi ṣe alákòóso oúnjẹ nígbà ogun, èyí tí Alimotu Pelewura, olórí àwọn ìyá lọ́jà Èkó, àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ìjọba fà. Àwọn ará ilé gbà kí sọ́jà wọn mọ̀ pé ebi ń pa àwọn. Òkú ni wọn kò gbà kó mọ̀.

Ìwé Jàpáànù àti sìtáàṣì

Ìwé tó dára jù láti fi dí ihò ìwé ni èyí tí wọ́n ń fi èèpo igi kozo ṣe, tó fẹ́lẹ́ tí èèyàn lè rí ọwọ́ ara rẹ̀ gba inú rẹ̀, tí okun ara rẹ̀ sì gùn tí kò fi ń tètè ya. Jàpáànù ni wọ́n ti ń ṣe é. Mo mọ ohun tí ẹ ń rò. Nígbà tí mo sọ fún Alhájà pé ìwé àwọn Jàpáànù ni a ó fi tún lẹ́tà bàbá wọn ṣe, wọ́n wò mí fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní, “Kí wọ́n tún un ṣe nígbà náà.”

Lẹ́ẹ̀ ni mo sè nílé. Sìtáàṣì àlìkámà ni àwọn oníṣẹ́ yìí máa ń lò. Ti ẹ̀gẹ́ náà ń ṣiṣẹ́ bí ó bá jẹ́ ojúlówó, tí a sè é jinná, tí a sì sẹ́ ẹ. Ẹnìkan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n ra ẹ̀kọ lọ́wọ́ àwọn aláàdìrẹ. Rárá o. Ẹ̀kọ àdìrẹ máa ń ní álọ́ọ̀mù nínú, aṣọ lè fara dà á, ṣùgbọ́n kíkan rẹ̀ yóò máa jẹ ìwé díẹ̀díẹ̀ láti inú. Mo fa ìwé kozo ya, n kò gé e, kí etí rẹ̀ lè ní irun tí yóò di ìwé mú. Mo fi lẹ́ẹ̀ tó ki, tí omi rẹ̀ kéré, sí etí ihò nìkan, mo gbé ìwé amomi lé e, mo gbé ẹrù lé e. Ìwé búlúù ń fẹ́ ká kò, nítorí náà ẹrù tirẹ̀ pẹ́ jù.

Ilé tuntun

Lẹ́tà kò padà sínú páànù. Mo ra àpótí oníke tí nọ́ńbà 5 wà nínú àmì onígun mẹ́ta ìdí rẹ̀. Nọ́ńbà 3 ni kí ẹ sá fún, PVC ni, ó ń tú afẹ́fẹ́ tó ń ba ìwé jẹ́. Kábínẹ́ẹ̀tì onígi tí wọ́n fẹ́ kan fún wa kò wọlé, igi náà ní kíkan tirẹ̀. Sílíkà, hóró tó ń fa ọ̀rinrin mu, wà nínú àpótí náà pẹ̀lú aago kékeré tó ń wọn ọ̀rinrin, torí atẹ́gùn ọ̀sà kì í jẹ́ kí nǹkan gbẹ ní Ẹ̀pẹ́. Bó bá ti kọjá 60 nínú 100, kí wọ́n pààrọ̀ sílíkà. Orí pẹpẹ gíga ló wà, kò kan ògiri, kò kan ilẹ̀.

Mo ti ya àwòrán gbogbo ojú ìwé, níwájú àti lẹ́yìn, pẹ̀lú àwọn ẹ̀yìn tó ṣófo. Àdàkọ wà lọ́dọ̀ Ẹnjiníà, lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Ìlú Ọba, àti lọ́dọ̀ mi. Àdàkọ yẹn náà ló wọ férémù. Ó jẹ Ẹnjiníà lẹ́nu díẹ̀, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ pálọ̀ kò ní fi ọdún mẹ́wàá sílẹ̀ fún pẹ́ńsùlù àlùkò. Mo ń da ọ̀rọ̀ wọn kọ pẹ̀lú, mo sì fi sípẹ́lì wọn sílẹ̀ bó ṣe wà, “aiye”, “enia”, “nwọn”, torí bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn.

Ọ̀kan nínú àwọn lẹ́tà dárúkọ ọ̀rẹ́ kan láti Ẹjìnrìn tí bàbá kò rí mọ́ lẹ́yìn ìjà. A wá orúkọ náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì nínú àkọsílẹ̀ Commonwealth War Graves Commission, àjọ tó ń tọ́jú ibojì àwọn ológun, a sì rí i lára Rangoon Memorial ní ibi ìsìnkú Taukkyan ní Bọ́mà, níbi tí wọ́n kọ orúkọ àwọn ológun bíi 27,000 tí wọn kò mọ ibojì wọn sí. Alhájà ti ránṣẹ́ sí Ẹjìnrìn láti bi í bóyá ẹbí náà ṣì wà. Bí wọ́n bá yọjú, àdàkọ lẹ́tà yẹn jẹ́ tiwọn.

Ìwé ìkọ̀wé akọ̀wé ló kù. Tàdáwà búlúù-dúdú tó fi kọ ọ́ ní irin nínú, ó sì ti ń jẹ ìwé lábẹ́ àwọn ìlà tó wúwo, pàápàá níbi tó ti fa ọ̀rọ̀ nu lẹ́ẹ̀mejì. Irú rẹ̀ kò fẹ́ ọ̀rinrin rárá. Mo ti tẹ́ ìwé fẹ́lẹ́ sáàárín ojú ewé kọ̀ọ̀kan, mo dì í, n kò sì ní tú u títí ọyẹ́ yóò fi dé.